Mọ́tò Tòkunbọ̀

Nọ́ńbà mẹ́fà ni ó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù jíìpù náà. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan, mo tún wọn kà, mo sì fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ òsì, nítorí pé ẹni tí ó bá fi ìkánjú ka nọ́ńbà lè fo ẹyọ kan, kí ó sì fi ìyẹn ba ayé ara rẹ̀ jẹ́. N kò ṣì í kà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá kìlómítà ni mọ́tò náà ti rìn, pẹ̀lú irinwó ó lé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lórí rẹ̀. Mo bi ara mi léèrè bóyá ohun tí ó ní ẹsẹ̀ lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kí eékún rẹ̀ má ti yẹ̀.

"Daddy Inú," mo sọ fún ọkọ mi, "ìrìn mọ́tò yìí ti pọ̀ jù."

Débọ́lá jókòó sídìí sítíárì, ó ń fọwọ́ pa àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń pa ọmọ lórí. "Mummy Inú, ibi tó ti rìn ín ni ká bèèrè, kì í ṣe iye tó rìn. Títì wa ńbí àti títì òyìnbó, ṣé ọ̀kan náà ni?"

Ó sọ̀kalẹ̀, ó sì lọ bá Bàbá Akínfẹ́nwá tí ó ni mọ́tò náà. Bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fẹ̀yìntì, inú klóòsì kan lẹ́yìn Fifth Avenue ni ó ń gbé láti ìgbà tí ilé àwọn òṣìṣẹ́ ti wà ní Festac. Àǹtí Juliana, ọ̀kan nínú àwọn àgbà obìnrin ìjọ wa, ni ó júwe rẹ̀ fún wa. Bàbá jókòó sórí àga rọ́bà lẹ́bàá géètì, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀, kò sì wo ìhà ibi tí mọ́tò náà wà rárá.

"Daddy, ẹ má bínú sà," ni ọkọ mi wí. "Ṣé tòkunbọ̀ ni?"

Bàbá gbé ojú sókè. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Mọ́tò Tòkunbọ̀ ni. Ó tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin."

Débọ́lá padà wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "O gbọ́? Òyìnbó tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin."

Mo gbọ́. Síbẹ̀, ẹ̀rù kò kúrò lára mi.

Kí n má baà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ojo lásán ni mí, ó yẹ kí n sọ ohun tí ó gbé wa débẹ̀. Àkọ́bí wa, Inúolúwa, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ SS. Bí ìrora bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú un, wákàtí kọ̀ọ̀kan ni a fi ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún wa pé kí òtútù má ṣe mú un, kí òùngbẹ má ṣe gbẹ ẹ́, àti pé bí ìrora bá dé, kí a tètè máa gbé e wá. Mọ́tò kékeré kan ni a ní. Ní oṣù kẹfà, nígbà òjò, a ń gbé Inúolúwa lọ sí ọsibítù nígbà tí mọ́tò náà kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní ìsàlẹ̀ afárá, kò sì jí mọ́. Ogójì ìṣẹ́jú ni a fi wà níbẹ̀. Ọmọ mi fi eyín mú mi léjìká kí ó má baà kígbe. Onímọ́tò búrẹ́dì kan ni ó ṣàánú wa, ó sì gbé wa láàárín àwọn páànù búrẹ́dì títí dé ọ̀dọ̀ dókítà. Láti ọjọ́ náà ni àdúrà mi ti di ọ̀kan ṣoṣo: Olúwa, fún wa ní mọ́tò tí kò ní dá wa dúró lọ́nà.

Ẹ̀rù méjì ni ó wà lọ́kàn mi. Èkíní ni pé kí ìrora dé kí a má ní mọ́tò. Èkejì ni pé kí a ra èyí tí yóò ṣe wá ju ti ìsàlẹ̀ afárá lọ. Jíìpù Bàbá ní ìjókòó méje, ó gba Inúolúwa àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì àti ìyá ọkọ mi, ọmọ sì lè na ẹsẹ̀ nínú rẹ̀ bí ó bá ń rora. Ohun tí a ń wá gan-an ni, àfi àwọn nọ́ńbà mẹ́fà yẹn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá yọ̀ǹda kí a gbé mọ́tò náà lọ fún mẹkáníìkì láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Túnjí ní Ijegun-Egba ni a gbé e lọ. Ó jẹ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, n kò sì tíì gbọ́ kí ó pe ohun tí ó bàjẹ́ ní ohun tí ó dára. Ọkọ mi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń dáhùn fóònù ibi iṣẹ́ rẹ̀. Èmi nìkan ni mo dúró ti Bọ̀dá Túnjí nígbà tí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí ẹ́ńjìnnì ń kùn, tí ó sì ti orí bọ inú rẹ̀.

"Háà," ó wí láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, "mọ́tò Tòkunbọ̀ mà nìyí!"

Inú mi dùn pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ jẹ́rìí sí i. "Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá tó ni ín ti sọ fún wa."

"Tòkunbọ̀ ti kú, Mummy."

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ nìyẹn. Kò sí ibi tí a wọ̀ láti oṣù kẹfà, tí àwọn tí ń ta mọ́tò kò sọ fún wa pé tòkunbọ̀ ti kú, pé ẹnikẹ́ni kò lè kó o wọlé mọ́ kí ó sì jèrè.

"Dọ́là ló pa á," mo dáhùn.

Bọ̀dá Túnjí yọ orí jáde. Ọ́ìlì wà níwájú orí rẹ̀. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. "Dọ́là kẹ̀?"

"Ẹ ò rí i ni? Látìgbà tí dọ́là ti ń fò sókè, ṣé ó tún ṣeé ṣe kó yè ni?"

"Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ wọn, ẹ ó mọ̀ jù mí lọ," ó wí jẹ́jẹ́. "Èmi ò gbọ́ ti dọ́là níbẹ̀ rí." Ó mi orí, ó sì fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀. "Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un."

"Àmín ní orúkọ Jésù," mo dáhùn kíákíá, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a kọ́ wa: bí àdúrà bá ti jáde lẹ́nu ènìyàn, a kì í jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀.

Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó yọ táyà iwájú méjèèjì, ó wo búréèkì, ó fi ìka tọ́ ọ́ìlì gíà wò, ó sì gbóòórùn rẹ̀. Nígbẹ̀yìn ó ní ẹ́ńjìnnì dára, gíà dára, búréèkì dára. "Àmọ́ ó ti ṣiṣẹ́ o," ó fi kún un.

"Ṣé kò ní dá wa dúró lọ́nà?"

"Mummy, ta ló lè búra fún irin?"

Ìdáhùn yìí ni mo gbé sùn. Kò bá mi lára mu, ṣùgbọ́n n kò rí irọ́ nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, tí í ṣe Sátidé, ni Débọ́lá sọ pé òun yóò wa mọ́tò náà lọ sójú ọ̀nà Bàdágírì, kí òun gba iwájú Trade Fair kọjá, kí òun sì yí padà ní Abúlé Adó, kí òun lè mọ bí ó ti ń sáré àti bí ó ti ń dúró, kí a tó bá Bàbá parí ọ̀rọ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré, ó ní. Àwọn àbúrò Inúolúwa méjèèjì wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Inúolúwa ní òun yóò bá bàbá òun lọ.

"Daddy, ẹ̀yìn pátápátá ni mo fẹ́ jókòó, níbi àga kékeré yẹn."

"Kí o lè máa ṣe ọlọ́lá lẹ́yìn mi, kí èmi jẹ́ díréfà?"

"Ẹ̀yin náà ni díréfà mi, Daddy. Ẹ máa lọ, kí n má lé yín lẹ́nu iṣẹ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín jáde. Mo jókòó sí ilé ìdáná, mo sì da ẹ̀wà sórí àwo láti ṣà á.

Ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀wà náà nígbà tí àdúrà Bọ̀dá Túnjí padà sí mi létí. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, nítorí mo rò pé àwọn mẹkáníìkì fẹ́ràn iṣẹ́ wọn débi pé wọ́n ń gbàdúrà fún òkú ọjà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ènìyàn a máa fi ọ̀rọ̀ ṣeré, lóòótọ́, ṣùgbọ́n Bọ̀dá Túnjí kò rẹ́rìn-ín. Ojú tí ó fi wò mí nígbà tí mo dárúkọ dọ́là kì í ṣe ojú ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ọjà. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ wọn." Ta ni àwọn "wọn"? Bàbá Akínfẹ́nwá náà sì ti sọ pé, "Ó tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin." Ta ni "ó"? Bàbá kò dárúkọ òyìnbó kankan. Ọkọ mi ni ó dárúkọ òyìnbó.

A kì í bẹ Ọlọ́run kí ó dẹlẹ̀ fún mọ́tò. Ènìyàn ni à ń bẹ̀ ẹ́ fún.

Mo dìde, àwo ẹ̀wà dà sílẹ̀. Mo pe ọkọ mi lórí fóònù. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Mo tún un pè. Èmi fúnra mi ni mo ti fi òfin dè é pé kò gbọdọ̀ gbé fóònù nígbà tí ó bá ń wa ọkọ̀ gbé ọmọ mi. Ó ń pa òfin mi mọ́.

Mo pe Bọ̀dá Túnjí. "Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá Túnjí, Tòkunbọ̀ tẹ́ ẹ sọ lánàá, ṣé ènìyàn ni?"

"Mummy, kí lẹ rò pé ó jẹ́?"

"Mo rò pé mọ́tò ni."

"Yéè! Ìdí abájọ tẹ́ ẹ fi ń sọ dọ́là! Mo délé, mo ní kí n bi ìyàwó mi bóyá àwọn adigunjalè ló pa ọmọkùnrin náà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tòkunbọ̀, ọmọ bàbá tó ni mọ́tò. Kútọnu ló ń lọ, ó ń kó aṣọ. Sẹ̀mẹ̀ sí Èkó, Èkó sí Sẹ̀mẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá. Ó máa ń yà lọ́dọ̀ oníṣẹ́ táyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi atẹ́gùn sí táyà. Inú mọ́tò yẹn ni wọ́n ti bá a lójú ọ̀nà Bàdágírì."

Ọ̀nà Bàdágírì. Mo di ara ògiri mú. "Kí ló ṣe é? Ṣé búréèkì ni?"

"Mi ò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ní búréèkì ni, ẹlòmíràn ní oorun ni. Mi ò ní parọ́ fún yín."

"Ẹ ní búréèkì dára."

"Ó dára lánàá, Mummy."

"Lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Mo pa fóònù, mo sì sáré jáde.

Kẹ̀kẹ́ Máruwá ni mo wọ̀ lọ sí klóòsì Bàbá. Mo ń rò ó lọ́nà bí ó ti yẹ kí ènìyàn rò ó, láti ìbẹ̀rẹ̀. Kìlómítà tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe lórí títì dídán ilẹ̀ òkèèrè. Lórí kòtò àti omi àti yanrìn ni, láàárín àwọn táńkà àti tírélà, pẹ̀lú ẹrù aṣọ tí ó ga dé òrùlé. Gbogbo ohun tí ọkọ mi fi tù mí nínú ti yí padà di ohun tí ń dẹ́rù bà mí. Ọmọ mi sì jókòó sẹ́yìn pátápátá. Bí tírélà bá wá láti ẹ̀yìn, ìjókòó yẹn ni yóò kọ́kọ́ kàn. Nígbà tí fèrè kan dún lójijì lẹ́yìn wa, mo pariwo "Jésù!" tó bẹ́ẹ̀ tí oníkẹ̀kẹ́ fi yí wò mí.

"Màdáámù, ṣé kò sí o?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo iwájú."

Géètì Bàbá ṣí sílẹ̀. Àyè tí jíìpù máa ń wà ṣófo. Bàbá jókòó sórí àga rọ́bà rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ìyàwó, wọn ò tíì dé o," ó wí. "Kí ló ṣe yín?"

"Daddy, ta ni Tòkunbọ̀?"

"Juliana ò sọ fún yín?"

"Àǹtí Juliana ní Daddy kan ní mọ́tò tòkunbọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà."

"Òótọ́ ló sọ. Ohun tí èmi náà sọ nìyẹn." Lẹ́yìn náà ó yé e. Mo rí i bí ó ti yé e, bí ọ̀pá náà ti yẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Háà. Ẹ rò pé... Ọlọ́run mi ò! Àkọ́bí mi ni, ìyàwó. Ìjọba rán mi lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní London, ibẹ̀ la bí i sí, la fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a gbé e délé."

"Ọkọ mi àti ọmọ mi wà nínú mọ́tò yẹn, Daddy. Ẹ dákun, kí ló pa á? Ṣé búréèkì ni?"

"Ẹ bi mí nípa ẹ́ńjìnnì," ni Bàbá wí. Kò bínú, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ ni. "Ẹ bi mí nípa gíà. Ẹ bi mí nípa ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, mo sì kó o fún yín. Ẹ ò bi mí nípa ọmọ mi. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe yín, tí ẹ ò fẹ́ fọwọ́ kan egbò. Mo tilẹ̀ sọ fún Juliana pé ó rán àwọn ọmọlúàbí sí mi."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ju ìtìjú lọ. Mo ń wo ẹnu rẹ̀.

Ó sọ ọ́ fún mi. Ní oṣù kẹwàá ọdún tí ó kọjá, Tòkunbọ̀ ń bọ̀ láti Sẹ̀mẹ̀. Ní ìkọjá Agbára, ó ya mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó tan àwọn iná tí ó máa ń ṣẹ́jú, ó fa búréèkì ọwọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì fi í sápò. Lẹ́yìn náà ni ó gbé orí lé sítíárì. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ni ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Kò sí ibi tí mọ́tò náà fi ha.

"Kọ́kọ́rọ́ tí ọkọ yín mú lọ láàárọ̀ yìí," ni Bàbá wí, "inú àpò rẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ti yọ ọ́ fún mi."

Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bàbá ni, ó sì fẹ́ ta mọ́tò. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ti dókítà ni ó ń tún sọ. Òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bọ̀dá Túnjí kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹnì kan tí mo lè bi, tí ó rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ibo ni ènìyàn ti ń rí òótọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí?

Mo wo aago. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti kọjá lórí ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo pe fóònù, ó dún, ó dákẹ́. Bàbá ti dìde. Ó lọ sẹ́nu géètì, ó wo òpin klóòsì, ó padà, ó tún lọ. Ìgbà kẹta tí ó lọ, ó di irin géètì mú.

"Daddy, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti dúró de mọ́tò yìí rí lẹ́nu géètì yìí," ó wí láìwo ẹ̀yìn. "Ilẹ̀ ń ṣú, mo ń sọ pé gò-síló ni."

A dúró bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì, títí fèrè fi dún lórí kọ́nà.

Jíìpù náà wọlé láìpariwo, bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Débọ́lá bẹ́ sílẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. "Mummy Inú! Kí lo wá ṣe níbí? Táńkà kan ló dábùú ọ̀nà ní Abúlé Adó, a ò lè lọ, a ò lè bọ̀. Àmọ́ ṣé o gbọ́? Wákàtí kan tí a fi dúró sójú kan, ẹ́ńjìnnì ò gbóná rárá! Éésì ẹ̀, bí inú fíríìsà! Mo yí i dé òpin kí n lè dán an wò dáadáa, kò..."

N kò dúró gbọ́ èyí tí ó kù. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Òtútù inú rẹ̀ gbá mi lójú. Inúolúwa ká jọ sórí àga kékeré náà, ó fi apá méjèèjì gbá orúnkún mọ́ra, ètè rẹ̀ gbẹ, ó sì funfun. Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí ẹja.

"Mummy," ó wí, "itan mi."

"Láti ìgbà wo? Kí ló dé tí o ò sọ fún Daddy?"

"Inú Daddy ń dùn ni."

Ọkọ mi gbọ́ ọ. Ó fọwọ́ dí ẹnu.

Mo mọ ohun tí ó kàn, mo sì mọ iye ìṣẹ́jú tí a ní. Bí a bá ní kí a wá kẹ̀kẹ́, yóò máa gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì lórí kòtò títí tí a ó fi débẹ̀. Bí a bá ní kí a pe ọkọ̀ lórí fóònù, wọn yóò ní àwọn ń bọ̀, wọn kò sì ní dé. Mọ́tò kan ṣoṣo ni ó wà níwájú mi, òun ni mo sì ti fi odidi wákàtí kan bẹ̀rù bí ẹni ń bẹ̀rù ikú. Mo yíjú sí Bàbá. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ bi í. Bóyá kí ó tún búra fún mi.

"Kí lẹ tún ń wò mí sí?" ni Bàbá pariwo. "Ẹ máa gbé ọmọ lọ!"

Ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó wọlé, ó sì gbé kúbúsù kan jáde ní àyà rẹ̀. N kò mọ̀ pé arúgbó lè yára tó bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó na ọwọ́ wọ inú mọ́tò láti fi bo Inúolúwa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i kí ó fọwọ́ kan jíìpù náà.

"Daddy Inú, ẹ wọlé," mo sọ. "Ẹ pa éésì. Ẹ sọ gbogbo wíńdò kalẹ̀. Ẹ wà á."

Mo gbé orí ọmọ mi lé itan. Ọkọ̀ jáde. Mo ti rò pé ẹ́ńjìnnì ni n ó máa tẹ́tí sí, tàbí táyà, tàbí búréèkì nígbà tí a bá dé gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni mo ń ṣọ́. Ojú ọkọ mi nínú dígí ni mo ń ṣọ́. Mo ń wò bóyá ó ń làágùn jù, bóyá ó ń ṣẹ́jú pẹ́. Bí Bàbá bá sọ òótọ́, a jẹ́ pé kì í ṣe mọ́tò ni ó kú lójú ọ̀nà Bàdágírì. Ẹni tí ń wà á ni. Tòkunbọ̀ ráyè yà sí ẹ̀gbẹ́. Bí Débọ́lá kò bá ráyè ńkọ́? Ta ni yóò tẹ búréèkì? Èmi tí mo jókòó sẹ́yìn kò mọ èwo ni búréèkì nínú àwọn irin ẹsẹ̀ náà. Inúolúwa kérora lórí itan mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, kí n sáà lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Daddy Inú, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà ńbí. Ibo ni n bá lọ?"

"Ẹ máa dá mi lóhùn ṣáá."

A dé ọsibítù. N kò lè sọ bí ó ti yá tó. N kò wo aago. Wọ́n gbé ọmọ wọlé, wọ́n fa dírípù sí i lọ́wọ́, wọ́n sì fún un ní oògùn ìrora. Dókítà ní ó dára tí a kò pẹ́, kí a ní sùúrù, àwọn yóò dá a dúró di ọ̀la.

Nígbà tí oorun gbé e lọ, ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú mi, ó sì fi orí lé àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ̀bi mi ni. Éésì ni mo ń dán wò." N kò sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, nítorí pé ẹ̀bi rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Tòkunbọ̀ fún un láìfi ẹyọ kan pamọ́, àti ohun tí Bàbá sọ, àti ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ, àti pé n kò mọ èwo ni òótọ́. Ó gbọ́ ọ títí. Nígbà tí mo dé ibi kọ́kọ́rọ́, ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà lápò, ó sì gbé e sórí bẹ́ńṣì láàárín wa.

"Sẹ̀mẹ̀," ó wí. "Gbogbo kìlómítà yẹn, Sẹ̀mẹ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ká dá a padà fún Bàbá, kó lọ bẹ́ẹ̀."

"Kí la ó wá fi gbé ọmọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Ọkọ̀ búrẹ́dì?"

"Ṣé o fẹ́ ká rà á ni? Mojísọ́lá, tí a bá ra mọ́tò yìí, o ò ní sùn mọ́."

"Mi ò sùn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù méjì ló wà níbẹ̀, Daddy Inú. Èyí tó ní táyà ni mo mú."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde dáadáa.

"Àmọ́ ẹ ó kọ́ mi ní mọ́tò," mo wí.

"Ta ni? Ìwọ tó ń ké pe Jésù tí kẹ̀kẹ́ bá kó sí kòtò?"

"Èmi náà ni. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń dá mọ́tò yẹn dúró. Bí ẹ ò bá ní kọ́ mi, kí ẹ má rà á."

Kò bá mi jiyàn. Ó wo ojú mi, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí a ń dúró kí dókítà fọwọ́ sí ìwé pé kí Inúolúwa máa lọ ilé, a jáde sí àgbàlá ọsibítù. Ọkọ mi ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún mi. Mo jókòó sórí àga tí Tòkunbọ̀ jókòó sí. Mo mọ̀ pé òun ni. Débọ́lá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wá búréèkì. Rárá, ìyẹn ló ń mú un sáré. Èyí tó fẹ̀ yẹn. Ó yá, tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo fi gbogbo agbára mi tẹ̀ ẹ́ títí itan mi fi ń gbọ̀n, mo di sítíárì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo sì di ojú.

"Ṣé ó ti dúró?" mo bèèrè.

"Mummy Inú," ọkọ mi wí, "a ò tíì sítáàtì ẹ̀."

Mo mọ̀. Síbẹ̀ n kò gbé ẹsẹ̀ mi kúrò.